Ìfiyèsí: Bí Iṣẹ́ Àwọn Mọ́ǹkì Bọ́mà Ṣe Di Iṣẹ́ Akọ̀wé àti Ti Olùkọ́

Ogun ni ó gbé orúkọ Bọ́mà wọ ọ̀pọ̀ ilé ní Nàìjíríà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1944 ni Ìpín 81 nínú àwọn ọmọ-ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí àwọn ọmọ Nàìjíríà, Gold Coast, Sierra Leone àti Gambia jùmọ̀ wà nínú rẹ̀, sọ̀ kalẹ̀ sí àfonífojì odò Kaladan láti bá àwọn ọmọ-ogun Japan jà. Ìpín 82 tẹ̀lé wọn kí ọdún náà tó parí. Orí ni wọ́n fi ń ru ẹrù gba inú igbó kọjá, ọkọ̀ òfurufú ni ó sì ń ju oúnjẹ àti ọta sílẹ̀ fún wọn. Orúkọ àwọn tí a kò mọ ibojì wọn wà lára òkúta ìrántí ní ibi ìsìnkú Taukkyan, lẹ́bàá ìlú Rangoon, títí di òní. Àwọn tí ó padà wálé ròyìn òjò, ẹrẹ̀, ibà àti eṣúṣú, Bọ́mà sì di ìtàn tí bàbá ń sọ fún ọmọ.

Ṣùgbọ́n ohun mìíràn tún jáde láti ilẹ̀ Bọ́mà kan náà, tí ìjọba ibẹ̀ yí orúkọ rẹ̀ padà sí Myanmar ní 1989, ohun náà sì tàn ká ayé láìsí ìró ìbọn. Ní òde òní, àwọn dókítà ní Amẹ́ríkà ń kọ́ aláìsàn láti jókòó, kí ó máa ṣàkíyèsí èémí ara rẹ̀ bí ó ti ń wọlé tí ó sì ń jáde. Ní ọgbà ẹ̀wọ̀n, ní ọ́fíìsì, ní ilé-ẹ̀kọ́, wọ́n ń kọ́ ènìyàn pé bí ó bá ń jẹun, kí ó mọ̀ pé òun ń jẹun. Bí ó bá ń rìn, kí ọkàn rẹ̀ wà ní ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà. Àwọn tí ń ta ìwé lórí ọ̀rọ̀ yìí a máa sọ ọ́ bí ẹni pé òyìnbó ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ hùmọ̀ rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn ọ̀nà tí ó gbà dé ọ̀dọ̀ wọn la ilẹ̀ Bọ́mà kọjá, ó sì gba orí tábìlì akọ̀wé ìjọba kan kọjá.

Orísun rẹ̀ jìnnà ju Bọ́mà lọ. Ó ti tó nǹkan bí ẹgbẹ̀rún méjì àti irínwó ọdún tí Búdà ti kọ́ àwọn ọmọ-ẹ̀yìn rẹ̀ ní ìhà àríwá ilẹ̀ Íńdíà. Lára àwọn ìwàásù tí a kà sí tirẹ̀ ni èyí tí a ń pè ní Satipatthana, tí ó ṣe àlàyé bí ènìyàn yóò ti máa fi iyè sí ara rẹ̀, sí ohun tí ó ń mọ̀ lára, sí ọkàn rẹ̀ àti sí ohun tí ń lọ nínú ọkàn náà. Ọ̀rọ̀ ibẹ̀ kò mọ sí orí ìjókòó nìkan. Ó mẹ́nu kan rírìn, dídúró, jíjẹ, mímu, wíwọ aṣọ, sísọ̀rọ̀ àti dídákẹ́; kò tilẹ̀ yọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ sílẹ̀, ohun tí àwọn olùkọ́ òde òní kì í sábà kà jáde. Àwọn Kristẹni mọ àṣàrò, èyí tí í ṣe ríronú jinlẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ kan. Ti Búdà yìí kì í ṣe ìrònú rárá. Mímọ̀ ni: kí ènìyàn mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ó ń ṣẹlẹ̀ gan-an, láìjẹ́ kí àná tàbí ọ̀la gbé e lọ.

Sati ni orúkọ rẹ̀ ní èdè Pali, èdè tí a fi kọ àwọn ìwé-mímọ́ wọn, ìrántí sì ni ọ̀rọ̀ náà túmọ̀ sí ní ìpìlẹ̀. Ní 1881 ni T. W. Rhys Davids, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan tí ó ti ṣiṣẹ́ ìjọba rí ní erékùṣù Ceylon, túmọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí gbogbo ayé ń lò nísinsìnyí. Ìtumọ̀ náà dára, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó gbọ́ ọ tí ìrántí tún wá sí ọkàn rẹ̀. Èdè Yorùbá ìbá ti ṣe é jù bẹ́ẹ̀ lọ. Iyè ni ó ń rántí nǹkan. Bí iyè ènìyàn bá ra, ó ti gbàgbé nìyẹn. Iyè kan náà ni à ń fi sí ohun tí a bá fẹ́ mọ̀ dájú. Ìfiyèsí ni orúkọ tí ó yẹ ẹ́.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé gbogbo ará Bọ́mà ni ó ń ṣe èyí láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, ìwọ̀nba àwọn mọ́ǹkì díẹ̀ ni ó ń ṣe é. Mọ́ǹkì ni ọkùnrin tí ó fá orí rẹ̀, tí ó wọ aṣọ aláwọ̀ osùn, tí ó kọ aya àti owó sílẹ̀ nítorí ẹ̀sìn. Púpọ̀ nínú wọn, kíkọ́ ìwé-mímọ́ sórí ni iṣẹ́ wọn. Ní ti àgbẹ̀ àti oníṣòwò, tiwọn ni láti bu oúnjẹ sínú abọ́ mọ́ǹkì láràárọ̀, kí wọ́n ṣe ìtọrẹ fún ilé-ìsìn, kí wọ́n sì máa retí pé nígbà tí àwọn bá tún ayé wá, ipò àwọn yóò sàn ju ti ìsinsìnyí lọ.

Ìṣubú ìjọba wọn ni ó yí èyí padà. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1885 ni ọmọ-ogun Gẹ̀ẹ́sì gba Mandalay tí í ṣe olú-ìlú, wọ́n mú Ọba Thibaw, wọ́n sì gbé e lọ sí ìgbèkùn ní Ratnagiri ní Íńdíà, níbi tí ó kú sí ní 1916. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 1886 ni wọ́n kéde pé ilẹ̀ náà ti di ti Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tí ó bá mọ ìtàn Ọba Ovonramwen ti Ìbíní, tí wọ́n gbé lọ sí Calabar ní 1897, kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Ní Bọ́mà, ọba ni alátìlẹ́yìn àwọn mọ́ǹkì. Òun ni ó ń fi olórí wọn joyè, òun ni ó ń gbọ́ bùkátà àwọn olùkọ́ ńlá. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní àwọn kò ní dá sí ọ̀ràn ẹ̀sìn. Ìbẹ̀rù mú àwọn ènìyàn. Ìgbàgbọ́ wọn ti pẹ́ pé ẹ̀kọ́ Búdà yóò máa dín kù títí yóò fi pòórá kúrò láyé ní òpin ẹgbẹ̀rún márùn-ún ọdún, ó sì wá dà bí ẹni pé ìpòórá náà ti bẹ̀rẹ̀ lójú wọn. Bí kò bá sí ọba mọ́, ta ni yóò pa á mọ́?

Mọ́ǹkì kan tí a bí ní 1846, tí a mọ̀ sí Ledi Sayadaw, dáhùn pé àwọn ará ilé ni: àgbẹ̀, oníṣòwò, ìyá ọlọ́mọ. Ó kọ ìwé lọ́pọ̀lọpọ̀ ní èdè Bọ́mà tí kò le. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí ó gbilẹ̀ lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni a fi tẹ̀ wọ́n, rélùwéè àti ọkọ̀ ojú omi ìgbà náà ni ó sì ń wọ̀ káàkiri láti wàásù. Ohun tí aṣẹ́gun gbé wọlé ni ó fi gba ohun tí ìṣẹ́gun fẹ́rẹ̀ẹ́ bà jẹ́ là. Ó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ níbi tí ọkùnrin àti obìnrin ti ń kọ́ ẹ̀kọ́ ìjìnlẹ̀ tí ó ti jẹ́ ti mọ́ǹkì tẹ́lẹ̀, ó sì kọ́ wọn pé ẹni tí ó ní ilé àti iṣẹ́ lè jókòó fi iyè sí èémí rẹ̀ láìjẹ́ pé ó sá wọ igbó. Ó kú ní 1923.

Lára àwọn tí ó gba ẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ ni àgbẹ̀ kan tí a bí ní 1873, tí abúlé rẹ̀, Pyawbwegyi, wà ní òdìkejì odò sí Rangoon. Àwọn ọmọ-ẹ̀yìn àgbẹ̀ yìí ròyìn pé àrùn onígbáméjì jà ní abúlé náà ní 1903, ó sì pa ọmọ rẹ̀ ọkùnrin àti ọmọ rẹ̀ obìnrin. Ìbànújẹ́ lé e kúrò nílé. Ó ń lọ láti ọ̀dọ̀ olùkọ́ kan dé ọ̀dọ̀ òmíràn títí ó fi dé ọ̀dọ̀ Ledi, nígbà tí ó sì padà sílé lẹ́yìn ọdún púpọ̀, ó gba àṣẹ láti máa kọ́ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe mọ́ǹkì. Saya Thetgyi ni wọ́n ń pè é. Saya ni olùkọ́. Orúkọ kan náà ni ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ní Bọ́mà fi ń pe tíṣà rẹ̀.

Ọ̀dọ̀ àgbẹ̀ yìí ni akọ̀wé ìjọba tí a dárúkọ lẹ́ẹ̀kan wá. U Ba Khin ni orúkọ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ ni U, bí ìgbà tí a bá pe àgbà ọkùnrin ní Bàbá. A bí i ní Rangoon ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹta ọdún 1899, ní àdúgbò àwọn mẹ̀kúnnù. Ó kàwé ní ilé-ẹ̀kọ́ Mẹ́tọ́díìsì, lẹ́yìn náà ní St Paul ti àwọn Kátólíìkì, ó sì mọ̀wé gan-an, ṣùgbọ́n owó kò jẹ́ kí ó lọ síwájú. Ó ṣiṣẹ́ díẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ ìwé-ìròyìn kan, ó sì di akọ̀wé kékeré ní ọ́fíìsì Olùṣírò-Owó Àgbà. Ní 1926 ó yege nínú ìdánwò àwọn olùṣírò owó ìjọba. Ìgbésí-ayé irú akọ̀wé bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tí ó gbọ́ ìtàn ọ́fíìsì ìjọba ní Èkó tàbí ní Kàdúná ní ayé amúnisìn: fáìlì gègèrè, aago lára ògiri, ọ̀gá òyìnbó, àti owó oṣù tí kì í tó.

Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1937, ọmọ-ẹ̀yìn Saya Thetgyi kan wá kí i, ó sì ṣàlàyé fún un bí a ti ń fi iyè sí èémí. Ó dán an wò. Ọkàn rẹ̀ rọlẹ̀ lọ́nà tí ó yà á lẹ́nu. Láìpẹ́ rárá ó ti tọrọ ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́, ó sì ti dé Pyawbwegyi láti fi ọjọ́ mẹ́wàá kọ́ ọ lọ́wọ́ àgbẹ̀ náà fúnra rẹ̀.

Ohun tí ó mú ìtàn rẹ̀ yàtọ̀ ni pé ó padà sẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ìtàn ẹ̀sìn ni ó máa ń dé ògógóró rẹ̀ nígbà tí ọkùnrin bá kọ ayé sílẹ̀. Ti U Ba Khin bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ọjọ́ mẹ́wàá pé tí ó tún jókòó sí ìdí ìwé owó. Ó ní ìyàwó, ó ní ọmọ, ó sì ní ìpò tí ó ń ga sí i. Ní 1941, nígbà tí iṣẹ́ ìṣírò owó rélùwéè gbé e lọ sí ìhà Mandalay, ó pàdé mọ́ǹkì olókìkí kan, Webu Sayadaw, ẹni tí ó rọ̀ ọ́ pé kí ó máa kọ́ àwọn ẹlòmíràn. Ogun dé láìpẹ́ lẹ́yìn náà. Nígbà tí Bọ́mà gba òmìnira ní ọjọ́ 4 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1948, òun ni wọ́n fi ṣe Olùṣírò-Owó Àgbà.

Níbẹ̀ ni ó ti ṣe ohun tí kò wọ́pọ̀ ní ọ́fíìsì ìjọba níbikíbi. Ó ya ibi kan sọ́tọ̀ nínú ọ́fíìsì náà fún ìjókòó jẹ́jẹ́, ó sì ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tí ó bá fẹ́ kọ́ ọ. Àwọn tí ó ń ṣe é kó ara wọn jọ di ẹgbẹ́, ní 1952 wọ́n sì ṣí ibùdó ẹ̀kọ́ kan ní ìhà àríwá ilé-ìsìn ńlá Shwedagon ní Rangoon. Ọjọ́ mẹ́wàá ni ẹ̀kọ́ ibẹ̀, ìwọ̀n tí ẹni tí ó ní iṣẹ́ lè rí tọrọ. Àwọn àlejò láti òkè òkun náà wá síbẹ̀. U Ba Khin kì í bẹ̀rù láti fi iṣẹ́ ara rẹ̀ ṣe ẹ̀rí fún wọn: ìgbà kan wà tí ó di ipò mẹ́ta mú lẹ́ẹ̀kan náà, tí ó sì tún ń kọ́ni ní àárọ̀ àti ní alẹ́. Ní èrò tirẹ̀, ìfiyèsí kì í gba àkókò lọ́wọ́ iṣẹ́. Ó ń dá àkókò tí ìdààmú ọkàn ti jẹ padà ni.

Ìdánwò ńlá dé bá a ní àárín ọdún 1950 sí 1959, nígbà tí ìjọba U Nu fi í ṣe olórí Bọ́ọ̀dù tí ń ta ìrẹsì ilẹ̀ náà fún òkè òkun. Ìrẹsì ni ó ń pawó fún Bọ́mà bí kòkó, ẹ̀pà àti èso ọ̀pẹ ti ń pawó fún Nàìjíríà ní ìgbà kan náà, ibi tí irú owó bẹ́ẹ̀ bá sì wà, rìbá kì í jìnnà. Àwọn ọmọ-ẹ̀yìn rẹ̀ ròyìn pé àwọn ọ̀gá iṣẹ́ kan níbẹ̀ da iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí pé wọ́n mọ irú ẹni tí ń bọ̀, àti pé ó ń bá iṣẹ́ lọ pẹ̀lú àwọn akọ̀wé kéékèèké títí àwọn ọ̀gá náà fi padà wá. Lóòótọ́, ẹnu ọmọ-ẹ̀yìn kì í kọ ìyìn olùkọ́. Síbẹ̀, ìjọba tí ó tún ń pè é sí iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn tí ó ti tó ìfẹ̀yìntì mọ ohun tí ó rí lára rẹ̀. Ọdún 1967 ni ó tó fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀ pátápátá.

Òun kọ́ ni olùkọ́ ìfiyèsí tí ó lókìkí jù ní Bọ́mà nígbà náà. Mọ́ǹkì ni ẹni yẹn, Mahasi Sayadaw, tí U Nu àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pè wá sí Rangoon ní 1949, tí ó ń kọ́ni láti máa ṣàkíyèsí bí ikùn ti ń wú tí ó sì ń fà sẹ́yìn pẹ̀lú èémí. Àwọn òyìnbó tí ó gba ọ̀nà tirẹ̀ pọ̀. Ṣùgbọ́n ọ́fíìsì olùṣírò-owó ni ó kọ́kọ́ fi hàn gbangba pé ohun yìí lè gbé láàárín fáìlì àti aago.

Ní 1955, oníṣòwò ńlá kan tí í ṣe ọmọ Íńdíà tí a bí ní Mandalay wá bá U Ba Khin. S. N. Goenka ni orúkọ rẹ̀, túúlu ni ó sì ń dà á láàmú. Ó ti wo dókítà kiri ní Yúróòpù, ní Amẹ́ríkà àti ní Japan. Mọ́fíìnì nìkan ni ó ń mú un rọ̀, ìbẹ̀rù sì ti ń mú un pé mọ́fíìnì yóò di bárakú. Goenka fúnra rẹ̀ máa ń sọ ọ́ pé U Ba Khin kọ́kọ́ kọ̀ láti gba òun: bí ó bá jẹ́ orí fífọ́ nìkan ni ó ń wá wò, kí ó má ṣe yọ ara rẹ̀ lẹ́nu, nítorí pé ohun tí ó tóbi ju ìyẹn lọ ni ẹ̀kọ́ náà wà fún. Ó gbà pé òun yóò wá nítorí ọkàn òun. Túúlu náà lọ pẹ̀lú.

Ní 1962, Ọ̀gágun Ne Win fi ipá gba ìjọba. Ó gba ilé-iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò, Goenka sì wà lára wọn. Ó ti ilẹ̀kùn orílẹ̀-èdè náà mọ́ àlejò. Ìwé-ìrìnnà ṣọ̀wọ́n fún ẹnikẹ́ni. U Ba Khin, tí ó ti ń fẹ́ kí ẹ̀kọ́ náà padà sí Íńdíà níbi tí ó ti ṣẹ̀ wá, kò lè lọ. Goenka ni ó rí ìwé gbà ní 1969 láti lọ wo ìyá rẹ̀ tí ara rẹ̀ kò yá ní Íńdíà, ibẹ̀ ni ó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ni. U Ba Khin kú ní ọjọ́ 19 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1971. Goenka kò pe ohun tí ó ń kọ́ni ní ẹ̀sìn Búdà, nítorí náà Híńdù, Mùsùlùmí àti Kristẹni ń wá. Kò sì gba owó ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ wọn. Ní 1994, ó kọ́ àwọn ẹlẹ́wọ̀n tí ó ju ẹgbẹ̀rún kan lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní ọgbà ẹ̀wọ̀n Tihar ní Delhi. Nígbà tí yóò fi kú ní 2013, ibùdó rẹ̀ ti wà ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè.

Amẹ́ríkà ni a ti gba ohun tí U Ba Khin kọ́kọ́ fẹ́ kọ̀. Ní 1979, Jon Kabat-Zinn, tí ó ti kọ́ lọ́dọ̀ àwọn olùkọ́ Zen àti lọ́dọ̀ àwọn tí ó gba ẹ̀kọ́ láti Bọ́mà, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ kan ní ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn ti Yunifásítì Massachusetts ní Worcester. Àwọn tí ó wá ni àwọn tí dókítà kò rí ìrora wọn wò sàn. Èso àjàrà gbígbẹ ẹyọ kan ni ó fi ń bẹ̀rẹ̀: kí olúkúlùkù wò ó, kí ó gbóòórùn rẹ̀, kí ó rọra jẹ ẹ́ bí ẹni tí kò rí i rí. Kò dárúkọ Búdà fún wọn. Ní 2002, Segal, Williams àti Teasdale tẹ ìwé jáde lórí bí a ti lè lò ó fún àwọn tí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ń padà sí lára léraléra, ní 2004 ìgbìmọ̀ ìṣègùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì fi ọwọ́ sí i fún irú wọn. Ìrànlọ́wọ́ tí ó ṣe fún wọn kì í ṣe kékeré, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Síbẹ̀, gbogbo ẹni tí ó gbé ẹrù yìí ni ó sọ díẹ̀ kalẹ̀ lójú ọ̀nà. Ọ̀dọ̀ U Ba Khin, àti ọ̀dọ̀ Goenka lẹ́yìn rẹ̀, kò sí ẹni tí ó lè jókòó fi iyè sí èémí kí ó tó jẹ́jẹ̀ẹ́ ohun márùn-ún: kò ní pa ohun ẹlẹ́mìí, kò ní jalè, kò ní ṣe ìṣekúṣe, kò ní purọ́, kò ní mu ohun tí ń pani. Ìwà ṣáájú ìfiyèsí. Ní ilé ìwòsàn, a kò béèrè irú ẹ̀jẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ aláìsàn, ó sì ṣòro láti sọ pé kí a béèrè rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí a yọ kúrò náà kò kéré. Bọ́mà fúnra rẹ̀ ni ẹlẹ́rìí. Ní ilẹ̀ tí ó kọ́ ayé ní ìfiyèsí, àwọn mọ́ǹkì kan dìde láti ọdún 2012 tí wọ́n ń wàásù ìkórìíra sí àwọn Mùsùlùmí Rohingya, ní 2017 sì ni ogun ìjọba lé iye wọn tí ó ju ọ̀kẹ́ márùndínlógójì lọ sá wọ Bangladesh. Ẹni tí ń yin ìbọn náà lè fi iyè sí èémí rẹ̀, kí ọwọ́ rẹ̀ má baà gbọ̀n.

Bìrìtéènì ni a ti gbé e dé ilé-ẹ̀kọ́ pẹ̀lú ìwádìí tí ó tóbi jù. Ilé-ẹ̀kọ́ 85 ni ó kópa, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí a tẹ̀lé lé ní 8,000, tí wọ́n jẹ́ ọmọ ọdún 11 sí 13 nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ní ìdajì àwọn ilé-ẹ̀kọ́ náà, àwọn olùkọ́ wọn ni a kọ́, tí àwọn náà sì kọ́ ọmọ ní ẹ̀kọ́ mẹ́wàá. Ní ìdajì kejì, wọ́n ń bá ẹ̀kọ́ ìwà àti ìbágbépọ̀ tí wọ́n ti ń ṣe tẹ́lẹ̀ lọ. Àbájáde rẹ̀ jáde ní 2022. Àwọn ọmọ tí a kọ́ ní ìfiyèsí kò sàn ju àwọn tí a kò kọ́ lọ. Gbogbo kíláàsì ni a kọ́ pa pọ̀, ẹni tí ó fẹ́ àti ẹni tí kò fẹ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò sì ṣe é nílé. Ibi tí ìyàtọ̀ díẹ̀ ti hàn ni ọ̀dọ̀ àwọn olùkọ́: àárẹ̀ iṣẹ́ dín kù lára wọn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé fún ìgbà díẹ̀ ni. Kí wọ́n tó dúró níwájú ọmọ kankan, wọ́n ti kọ́kọ́ fi ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ jókòó ṣe é fúnra wọn.